Áàpù Tí Kò Mọ Oníbàárà Sìn Jáde

Àgbo jamu ni Bu Warsiyem ti ń tà ní ìlú Yogyakarta kí wọ́n tó bí Galih. Síbẹ̀, iwájú ilé rẹ̀ ni Galih jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ó fẹ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń ta àgbo lórí fóònù. Ó ti lérí fún ọ̀gá rẹ̀ pé áàpù tí òun ṣe kò nílò bọ́tìnnì kankan, fífa ìka lásán ti tó. Bí ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dán an wò kò bá lè lò ó kí ó tó di ọ̀sán, òun fúnra òun ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò sì to bọ́tìnnì sí i.

"Kò le rárá, Màmá. Oníbàárà á yọ sójú fóònù. Tí ohun tó fẹ́ bá wà, ẹ fà á sápá ọ̀tún. Tí kò bá sí, ẹ fà á sápá òsì."

"Ó yé mi, ọmọ mi."

Fóònù dún. Àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan yọ. Bu Warsiyem tẹrí ba fún un.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

"Màmá, kò gbọ́ yín. Àwòrán ni."

"Pẹ̀lú bó ṣe ń wò mí yìí?"

"Àgbo ìrẹsì ló fẹ́. Ṣé ó wà?"

"Ó ti tán."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fà á sósì."

Bu Warsiyem ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà.

"Kí n lé odidi ọkùnrin dànù bí eṣinṣin?"

"Ẹ ò lé e, Màmá. Ẹ kàn máa gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni."

"O gbọ́ ara ẹ? Gbígbá lo pè é."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìka mi." Ó na ìka tí ó tẹ̀ lé àtàǹpàkò sí ojú onírùngbọ̀n náà.

"Ká a kò! Ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ pé àtàǹpàkò la fi ń tọ́ka sí èèyàn ni?"

Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Galih sáré fi ìka náà pamọ́ sínú ẹ̀ṣẹ́.

"Ẹ lo àtàǹpàkò, Màmá. Ó máa ṣiṣẹ́."

Bu Warsiyem ká ìka mẹ́rin, ó sì gbé àtàǹpàkò lé ojú fóònù. Àádọ́ta ọdún tí ó ti fi ń gún egbò igi ti sọ ọ́ di ńlá, ó bo ọkùnrin náà láti iwájú orí dé irùngbọ̀n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń wọ́ ọ lọ. Onírùngbọ̀n kò mira. Lójijì, ojú fóònù ṣókùnkùn.

"Ó ti bínú lọ."

"Ẹ lọ́ra jù ni. Ẹ yára díẹ̀!"

"Ta ló ń sáré sin àlejò jáde?"

Galih wo aago. Ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n.

"Màmá, tí oníbàárà bá wá síbí, tí ohun tó fẹ́ ò sí ńkọ́?"

"Màá ní kò tíì sí, kó jókòó, kó mu ti ata-ilẹ̀ pupa ná."

"Wọ́n sì ń mu ún?"

"Ta ló fẹ́ kọ̀ ọ́? Wọ́n ṣáà ti jókòó."

Galih mí kanlẹ̀. Ó fa pépà yọ, ó ya àpótí kékeré méjì sí i. Ó kọ "Ó wà" sínú ọ̀kan, ó kọ "Kò tíì sí, ẹ mu ti ata-ilẹ̀ pupa ná" sínú èkejì. Kí ó tó gbé bírò sílẹ̀, àtàǹpàkò ti balẹ̀ lórí èkejì, ó sì fi àmì pupa rúsúrúsú ti egbò igi síbẹ̀.

"Èyí gbọ́ràn!"

"Pépà ni, Màmá."

"Ó ṣáà gbọ́ràn ju fóònù ẹ lọ."

Fóònù dún. Ọ̀gá ni.

"Galih, ṣé màmá yẹn ti lè lò ó?"

Galih wo àmì ọwọ́ tó wà lórí pépà.

"Kò tíì, sà."

Ọmọ Yogyakarta ni ọ̀gá náà, ó mọ̀ pé "kò tíì" ni wọ́n fi ń sọ "rárá" níbẹ̀.

"Bọ́tìnnì mélòó?"

"Méjì, sà."

Ọ̀gá pa fóònù. Bu Warsiyem bu àgbo sínú ago kan, ó gbé e fún Galih, ó sì fi àtàǹpàkò tọ́ka sí fóònù náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ṣé ó bínú?"

"Kò tíì, Màmá."

"Ó dáa. Ní kó wá jókòó."