Ẹni Kẹtàdínlógún

Dókítà onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan wà tí kì í tẹ̀lé ọ̀pọ̀ èrò. Òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi. Òun náà ló sì fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní abanijẹ́.

Ọdún mẹ́ta ló fi ṣèwádìí ìdí tí èèyàn fi máa ń sáré ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ kìkì nítorí pé ẹlòmíì ń tà. Ó kó ogún èèyàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fún wọn ní ìpín àfiṣeré, ó ní kí wọ́n máa rà kí wọ́n máa tà. Nọ́ńbà ló fi rọ́pò orúkọ wọn, akọ̀wé nìkan ló sì mọ ẹni tó ni nọ́ńbà wo. Ẹnì kan ò wá, ni Dókítà bá jókòó sáàyè rẹ̀ kí iye lè pé.

Nígbà tó yá, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Oyè yìí ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ebi. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn.

“Ẹ wo ẹni kẹtàdínlógún yìí,” ló wí, ó na ọ̀pá sí àwòrán ara ògiri. “Ẹlòmíì kan ṣoṣo ta tiẹ̀, lòun náà bá ta gbogbo tiẹ̀ tán. Ojo paraku! Tí ẹ bá wúkọ́ lásán, á tà.”

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, ara Dókítà yá gágá. Ó bọ́ sórí ẹni kẹrin, tí kò ta ẹyọ kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ọkàn ẹni yẹn balẹ̀, ọlọ́gbọ́n ni, òun ò kàn ní dárúkọ rẹ̀ ni. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n ń yìn.

Alága ní òun fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe. Dókítà ní kí màmá akọ̀wé, tí ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kà á síta. Màmá ní ṣé kì í ṣe ọ́fíìsì ni ká ti sọ ọ́. Dókítà fárí pé ìmọ̀ kì í fi nǹkan bò.

“Ẹni kẹrin ló ń gbálẹ̀ níbí, sà. Oorun ló gbé e lọ nídìí ẹ̀rọ.”

“Ẹni kẹtàdínlógún ńkọ́?” ni alága bi í.

Màmá yọ awò ojú rẹ̀, ó rọra nù ún. “Olùkọ́ ni. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé.”

Wọ́n ní ẹni tí yóò mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Bàbá yìí mú ọ̀bọ, ó tanná sí i lójú, ara rẹ̀ ló rí.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà wo ọ̀tún, ó wo òsì, lòun náà bá ń rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ ló tún ròkè jù.

Alága nu omi ojú rẹ̀. “A ti gbà pé òótọ́ niṣẹ́ yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnì kan péré ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tún ti ta gbogbo tiyín tán.”