Olú Tí Kì í Pa Èèyàn

Ní ìlú Songon, lẹ́bàá ọ̀sà, ní nǹkan bí ọdún 1974, Màmá Ràmúlátù jókòó sábẹ́ àwọn igi àgbọn rẹ̀. Ọ̀bọ̀ǹbọn oníwo ti jẹ wọ́n lórí, ó wá dà bí orí tí onígbàjámọ̀ tó ń tòògbé fá. Émile, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀gbìn, gbé àwo ọ̀gọ́ngọ̀ díndín lé ẹsẹ̀. Ó ń jẹun, ó sì ń kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́.

"Émile, ìrẹsì tó bu tí o gbé wá lóṣù tó kọjá, tí o dà sínú ìtì àgbọn tó jẹrà yẹn, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Ìrẹsì gidi lọmọ ń gbé lọ bá àgbà."

"Tantie, kì í ṣe ìrẹsì jíjẹ. Olú kan la gbìn sórí ẹ̀. Olú yẹn ló ń pa kòkòrò. C'est scientifique, iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni."

"Olú wo? Mo wò ó títí, mi ò rí agbòjò lórí ẹ̀."

"Ó kéré ni. Á lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára, á wọnú ẹ̀, á jẹ ẹ́ látinú. Tó bá kú tán, ara ẹ̀ á bu funfun, á wá di àwọ̀ ewé."

"Ṣé DDT ti tán lọ́jà ni? Kassim ń tà á l'Adjamé."

"DDT á pa kòkòrò, á pa adìẹ yín mọ́ ọn. Ẹ rọra, Tantie. Doucement."

"Doucement kẹ̀? Àwọn tó ń kọ́lé ti wá wọn ilẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ tí àgbọn bá kú lòun máa tà á. Ẹ̀rù ń bà mí, Émile. Ibo ni kí n gbé orí mi lọ?"

"Wọn ò ní kú. Inú ìtì jíjẹrà ni ọ̀bọ̀ǹbọn ń bímọ sí. Ọmọ ẹ̀ là ń pa."

"Báwo lọmọ ẹ̀ ṣe rí?"

Émile gbé ọ̀kan sókè nínú àwo. "Báyìí gan-an. Ọ̀gọ́ngọ̀ lọmọ ọ̀bọ̀ǹbọn." Ó jù ú sẹ́nu.

"Nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ yìí ló máa hu ìwo?"

"Tó bá dàgbà."

Màmá Ràmúlátù mi orí. "Olú yín yìí, ṣé kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan? Ìdí ìtì yẹn làwọn ọmọ ti ń ṣeré."

"Kò lè ṣe èèyàn. Cent pour cent, kò sí iyèméjì. Ẹ lè fi jẹ ẹ̀bà."

"Búra."

"Mo fi Bíbélì búra."

"Ọkàn mi balẹ̀ wàyí." Ó ti àwo sún mọ́ ọn. "Jẹun dáadáa."

"Ata yìí dùn. Ọjà Abobo Gare lẹ ti ra ọ̀gọ́ngọ̀ yìí?"

"Rà kẹ̀? Inú ìtì yẹn ni mo ti ṣà á láàárọ̀. Wọn ò tilẹ̀ jà. Àwọn kan ti ń funfun lára, mo rò pé ọ̀rá ni."

Ẹnu Émile dúró. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e gbà.

"Tantie, ṣé ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀?"

"Èmi kì í jẹ kòkòrò. Àwọn ọmọ náà, láti ọjọ́ tí o ti da ìrẹsì yẹn, mi ò tíì jẹ́ kí wọ́n padà síbẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó lára ẹni tó kàwé. Tí ilẹ̀ bá mọ́ bá ọ lọ́la, wọ́n á lọ ṣeré."

Émile wo àwo náà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àwọn tó ti di àwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Fara balẹ̀," ni Màmá Ràmúlátù wí. "Ìsàlẹ̀ àwo ni wọ́n wà. Doucement, wàá dé ọ̀dọ̀ wọn."