Ìdájọ́ Tí Akóredé Dá fún Fíìmù Táwà

Bí ẹ bá dé Benson Street, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ò sí, ẹ má rò pé ojú ló ń dùn ún. Akóredé nìyẹn, Ẹnu-Idà, A-bẹ́-fíìmù-lórí-kó-tó-délé, ọkùnrin tó ń ta ṣájà fóònù, tó sì ń pín àbùkù lọ́fẹ̀ẹ́. Bí fíìmù tuntun bá ti jáde, gbogbo Yorùbá tó ń ṣòwò ní Monrovia á máa retí ìdájọ́ rẹ̀ lórí Wọ́ṣáàpù.

Ohun tó sọ nípa fíìmù Ọmọ Méje ni pé, "Mẹ́ta ì bá tó." Nípa fíìmù adẹ́rùbani kan, Òkú Ń Rìn: "Òkú náà ló mọ eré ṣe jù." Eré apanilẹ́rìn-ín kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀rín Ò Sí Nílé. Akóredé ní, "Wọn ò purọ́." Nígbà tí Àkàbà Ọ̀run dé, ó ní, "Mo gùn ún dé ìdajì, mo bọ́ sílẹ̀." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á sì jókòó sílé.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ń bú. Ẹni tó bá gbé ẹran díndín àti iṣu ńlá wá kí i, àrà mérìíyìírí ni fíìmù tirẹ̀ máa ń jẹ́.

Adájọ́ Fíìmù ló ń pe ara rẹ̀. Ràfátù ìyàwó rẹ̀, tó mọ̀ pé ara pósítà nìkan lọkọ òun ti ń wo fíìmù, ń pè é ní Adájọ́-má-gbẹ́jọ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Lọ́dún yìí ni Táwà, aránṣọ kan ní Bushrod Island, ya fíìmù tó ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ Kan, ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ń jà sí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Odindi ọdún kan ló fi ṣe é. Ó kó o sínú fílàṣì, ó mú un wá bá Akóredé.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ohun tí ẹ bá sọ làwọn èèyàn máa tẹ̀lé."

Akóredé wo ọwọ́ Táwà kejì. Òfo ni.

"Òun nìkan lo mú wá?"

"Òun nìkan ni, sà."

"Ó dáa. Máa lọ."

Nígbà tó délé, Ràfátù bi í bóyá ó ti wò ó.

"Ẹni tó ti gbóòórùn ọbẹ̀ láti ìta, kí ló tún fẹ́ wọ ilé ìdáná ṣe?"

"Ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ lẹ fẹ́ dà nù yẹn."

Akóredé fa fóònù yọ. Ó ronú díẹ̀: kò sí fíìmù Yorùbá tí kò ní bàbá arúgbó tó ń pariwo. Ló bá gbóhùn sáfẹ́fẹ́: "Abẹ́rẹ́ Kan ti sọnù, ẹ má wulẹ̀ wá a. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá arúgbó inú rẹ̀ kàn ń pariwo lásán ni, irọ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ dùn-ún gbọ́."

Táwà gbọ́ ọ. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Adébíyì ní Sinkor ni wọ́n ti fi fíìmù náà hàn. Mùsùlùmí wá, Kìrìsìtẹ́nì wá. Àwọn tó fẹ́ gbọ́ bí Akóredé yóò ṣe tún bú u ló pọ̀ jù. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe, ó tún ìdájọ́ rẹ̀ sọ, ó sì fi iyọ̀ sí i: "Bàbá yẹn, bó ṣe ń lọgun, díẹ̀ ló kù kí n ju bàtà lù ú."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Táwà gba gbohùngbohùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ forí jì mí. Àṣìṣe tèmi ni. Fílàṣì mìíràn ni mo gbé fún yín. Mo fẹ́ wá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àfi bí mo ṣe gbọ́ pé ẹ ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí bàbá kankan nínú Abẹ́rẹ́ Kan, sà. Obìnrin ni gbogbo wọn."

"Kí ló wà nínú èyí tó o gbé fún un?" ẹnì kan béèrè.

"Ìwàásù ìdúpẹ́ ọdún tó kọjá. Pásítọ̀ tó gbà wá lálejò yìí ló ń wàásù, èmi ni mo bá wọn yà á."

Pásítọ̀ Adébíyì, tó wà lórí àga tó tẹ̀lé ti Akóredé, rọra yíjú sí i. "Èmi lẹ fẹ́ ju bàtà lù?"

Òógùn bo Akóredé. Bó bá ní òun wò ó, a jẹ́ pé ó ti bú pásítọ̀ nínú ilé pásítọ̀. Bó bá ní òun ò wò ó ńkọ́?

"Pásítọ̀, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò wò ó."

"Lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ ní ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mi ò wò ó."

"Ọmọ Méje ńkọ́?" ohùn kan wá láti ẹ̀yìn.

"Mi ò wo ìyẹn náà."

"Òkú Ń Rìn?"

"Pósítà rẹ̀ ni mo rí."

Obìnrin ọmọ Làìbéríà kan tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún nawọ́ sókè, ó béèrè bóyá ọkùnrin náà tiẹ̀ wo nǹkan kan rárá. "So the man na see anything?"

Ràfátù, tó jókòó lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ló dá a lóhùn. "Nothing."

Wọ́n pa iná. Akóredé ì bá sá lọ, àmọ́ ìlà iwájú ló wà, èrò sì ti jókòó sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì kó má baà rí ẹnikẹ́ni. Àárẹ̀ ìtìjú pàdé atẹ́gùn fáànù, kò sì pẹ́ tí ìhanrun fi gba gbọ̀ngàn kan.

Ràfátù fi ìka gún un lẹ́yìn. Ó ta gìrì, ó dìde dúró, ó sì kéde fún gbogbo ayé pé, "Ó gùn jù."

Eré ò tíì bẹ̀rẹ̀; orúkọ àwọn òṣèré ni wọ́n ṣì ń tò sára ògiri.