Àmì Tó Sọnù Lórí Òkúta Jagun Ọ̀jẹ́wùyì

Ẹ gbọ́ o, ará Ìpórò! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè náà dúró!

Ẹgbẹ́ Ọmọ Akọni ló rán mi, àwọn tó ń bọlá fún àwọn baba wa tó dìde lé ajẹ́lẹ̀ kúrò nílùú yìí. Ní Sátidé ni wọn yóò ṣí òkúta ìrántí Jagun Ọ̀jẹ́wùyì. Jagun yìí ló bí baba mi. Bí ohùn mi bá ń gbọ̀n, ẹ má rò pé ebi ni.

“Akọni tó ṣá lójú ogun” la ní kí agbẹ́kùúta kọ, torí àdá ni Jagun fi ṣá àwọn ọmọ ogun ajẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ Ṣ! Baba ńlá mi wá di akọni tó SÁ lójú ogun. Ó sá!

Àṣẹ kìíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka òkúta náà sókè. Ẹni tó bá kà á, yóò ka orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú oyè wọn, lórí ìdúró.

Àṣẹ kejì: agboolé Olúọdẹ, ẹ yé yọ ẹgbẹ́ lẹ́nu. Ẹ ní bí ẹni tó sá bá ń gba òkúta, baba tiyín sá kọjá odò méjì. A ti gbọ́. Kò sí òkúta.

Àṣẹ kẹta: ìwọ tó fi ẹfun kan àmì sí i lánàá, abẹ́ O lo kàn án sí. Ewúrẹ́ sì ti lá a. Wàá bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi jókòó fọ́sẹ̀ kan, kí o tún A, B, D kọ́.

Àṣẹ kẹrin le lẹ́nu mi. Ìyá Àgbà Aṣàkẹ́ wá sípàdé láàárọ̀ yìí. Ìyá tó bí i fojú ara rẹ̀ rí ìjà náà. Màmá ní Jagun sá lóòótọ́, Jagun gan-an ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sá. Ó dé ẹ̀yìn odi, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan tó ṣubú sójú ọ̀nà. Ìyá màmá nìyẹn. Jagun nìkan ló padà. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ń ṣá àwọn ọ̀tá lọ, títí ojú fi ti àwọn yòókù tí wọ́n padà wá bá a.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Ẹgbẹ́ ti pàṣẹ kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Ó sá, ó padà, ó ṣá.” Ní Sátidé, gbogbo ọmọ ẹni tó sá rí, ẹ bọ́ síwájú. Èmi ni n ó ṣáájú.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ará oko. Èmi Ọ̀jẹ́dòkun alágogo ni, ọmọ ọmọ ẹni tó sá.