Kò-Séwu Gun Igi Pẹ́pẹ́yẹ

Ẹnu Kò-Séwu ga ju àkàbà rẹ̀ lọ. Akunlé ni, ó mọ ọ̀dà í pò, a kò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó ti kùn láyé rẹ̀, ilé ilẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti pè é sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ara rẹ̀ kì í yá lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, táǹkì gíga ilé iṣẹ́ omi ló wá gbà kùn. Ó ti fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò pé iṣẹ́ náà ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ẹni tí yóò bá a gun táǹkì náà ni kò tíì rí.

Ẹnjiníà tó ń gba òṣìṣẹ́ níbẹ̀ bi í pé, "Ṣé òkè kì í bà yín lẹ́rù?"

"Òkè kẹ̀? Kò séwu! Bí mo bá dé òkè tán ni mo tó máa ń mí dáadáa!"

Ibẹ̀ ni Ìyá Akọ̀wé, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ilé iṣẹ́ náà, ti pariwo lójú fèrèsé ọ́fíìsì. "Ẹ wá wò ó o! Pẹ́pẹ́yẹ igbó wa ti pamọ!"

Ó ti tó oṣù kan tí obìnrin yìí ti ń ṣọ́ ẹyẹ náà nínú ihò igi ńlá tó wà létí adágún, ihò tó ga ju òrùlé ọ́fíìsì lọ. Ìyá ẹyẹ ti wà nílẹ̀ báyìí, ó ń ké pe àwọn ọmọ. Orí kékeré kan yọ lẹ́nu ihò.

"Wọ́n á kú!" ni Kò-Séwu figbe ta. "Ọmọ àná! Àgbà kì í wà lọ́jà kí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ já láti orí igi! Ẹ fún mi ní apẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, bàbá," ni Ìyá Akọ̀wé wí. "Bí wọ́n ṣe ń fò sílẹ̀ lọ bá ìyá wọn nìyẹn."

"Ẹ̀yin mọ ìwé, èmi mọ òkè!"

Ẹnjiníà káwọ́ mọ́yà. "Ó dáa. Ẹ gùn ún ká rí yín."

Yéè! Kò-Séwu gbé àkàbà ti igi. Ó fi orin gun ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ní ìkẹfà, orin dá. Ní ìkẹjọ, ó dijú, ó dì mọ́ igi. Àgbà tó ń fi ìjókòó ríran, ta ló ní kó gòkè?

Pò! Ọmọ àkọ́kọ́ já kọjá létí rẹ̀, ó balẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, ó ta sókè bíi bọ́ọ̀lù, ó gbọnra.

"Ó ti kú!"

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, bàbá!"

Ìkejì já. Ìkẹta balẹ̀ sórí fìlà Kò-Séwu, ó wòtún, ó wòsì, ó yàgbẹ́ díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Wọ́n tò tẹ̀ lé ìyá wọn wọ adágún, ìkankan kò farapa. Inú Ìyá Akọ̀wé dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ o, wọ́n ti lọ!" ni Ẹnjiníà wí.

"Mò ń... mo ṣì ń gba atẹ́gùn."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Kò séwu! Ẹsẹ̀ mi ló ń ronú."

Ìyá Akọ̀wé ló wá dúró nísàlẹ̀, tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún, bàbá. Ẹ káre. Ó ku tòsì." Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ yí adágún ká lẹ́ẹ̀mejì kí Kò-Séwu tó balẹ̀.

Ó nu fìlà, ó gbé àyà sókè. "Ẹnjiníà, ẹ rí i? Gbogbo wọn ló yè! Ìgbà wo ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ wá lọ́la," ni Ẹnjiníà wí. "Ògiri ọgbà lẹ ó kùn. Ìdajì tìsàlẹ̀."