Ẹyẹ Aláṣọ Mẹ́ta Òkè-Àgbọ́n

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú àwọn àgbà máa pa á lówe pé ilé là á wò, ká tó sọmọ lórúkọ? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìkómọ ni, ẹ má dá a lóhùn. Ẹyẹ ló bí òwe náà, ẹ̀rù ló sì gbẹ̀bí rẹ̀.

Olórí ọdẹ ni Ọdẹ́tọ́lá ní Òkè-Àgbọ́n. Kò sẹ́yẹ tó fò kọjá tí kì í sọ orúkọ àti ìdílé rẹ̀. “N kò mọ̀” kò sí lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyẹ àjèjì kan bà sórí igi odán iwájú ilé Baálẹ̀. Orí rẹ̀ àwọ̀ ewé, àyà rẹ̀ pọ́n bí osùn, apá rẹ̀ bí aró. Àwọn kan ní ìdílé agbe ni. Àwọn kan ní irọ́, ọmọ àlùkò ni. Ẹnu àríyànjiyàn ni wọ́n wà tí ẹyẹ fi fohùn èèyàn ké:

“Mo ti rí ọ! Òní lo máa kú!”

Ta ni yóò dúró? Baálẹ̀ fi bàtà sílẹ̀, ó sá wọlé. Ojú fèrèsé ló ti béèrè: “Ọdẹ́tọ́lá, irú ẹyẹ wo nìyí?”

Ọdẹ́tọ́lá kò rí irú rẹ̀ rí, síbẹ̀ kò lè ní òun kò mọ̀. “Bàbá, kì í ṣe ẹyẹ. Iwin ni!”

Ó gbàgbé àṣà ìlú wọn: ẹni tó bá sọ àjèjì lórúkọ ni yóò sìn ín délé. Baálẹ̀ kò gbàgbé.

“Ó dáa, máa sin iwin rẹ lọ. Bó bá pa ọ́ jẹ, bóyá yóò yó, yóò fi wá sílẹ̀.”

Háà! Ọdẹ́tọ́lá ní kí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá òun tọ́jú Àwẹ̀ró, ìyàwó òun, àti Ọdẹ́yẹmí, ọmọ òun. Ẹyẹ gbéra, òun náà tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ lókè, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé e lọ. Baálẹ̀ àti ará ìlú ń tẹ̀ lé e lókèèrè, wọ́n ń wò ó. Bí ẹyẹ ṣe wọ ihò igi kan, Ọdẹ́tọ́lá dọ̀bálẹ̀, ó dijú.

“Iwin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹ̀mí mi sí!”

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ohùn ti dáhùn: “Mo ti rí ọ! Òní lo máa kú!”

Ọdẹ tọ̀ sára. Nígbà tó lajú, Àwẹ̀ró ló rí, tòun torógùn, tó ń lé òbúkọ tó ń jẹ èlùbọ́ tó sá sóòrùn. Ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí!

“Bàbá Ọdẹ́yẹmí, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀? Ẹ má dá ẹyẹ yẹn lóhùn o, ojoojúmọ́ ló ń sín mi jẹ.”

Ọdẹ́tọ́lá gbójú sókè. Ẹnu ẹyẹ tẹ̀ bí ìwọ̀; ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì wà níwájú, méjì lẹ́yìn; inú ihò igi ló fi ṣelé. Ìbátan odídẹrẹ́ pọ́nńbélé! Ojú tì í.

Baálẹ̀ kígbe láti ọ̀nà jíjìn: “Àwẹ̀ró, ohùn rẹ ni ọkọ rẹ pè ní iwin!”

“Ohùn ta ni?” Àwẹ̀ró fi òbúkọ sílẹ̀, ó gbé orógùn sókè.

Ọdẹ́tọ́lá ki eré mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fara balẹ̀ pa òwe yìí lónìí kò mọ̀ pé orí eré ni ẹni tó kọ́kọ́ pa á wà, tó ń ké sí gbogbo ìlú pé: “Ilé là á wò o! Ilé là á wò, ká tó sọmọ lórúkọ!”