Ọ̀kùn àti Ekòló Nínú Ìtàn Ìfẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi hewú: ọ̀sán Sunday tí mo ka ìtàn ìfẹ́ ní pálọ̀ Àlàájì, tí ìyá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ sì bú sẹ́kún. Àwọn tó gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà rò pé ìtàn náà ló dùn.

Sókótó ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Hausa ni mo fi ṣeré ní kékeré, òun ni mo fi jà, òun náà ló sì ń bọ́ lẹ́nu mi bí mo bá fẹsẹ̀ kọ. Sìdíkátù tí à ń fẹ́ra wa kò ka èyí sí àléébù. Bàbá rẹ̀ ló kà á sí i. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájì, ó ń ta aṣọ ní Kofar Doya, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí Sìdíkátù sọ fún un pé mo máa ń kọ ìtàn ní Yorùbá, ó ní, "Kó wá kà á fún wa lọ́jọ́ Sunday. Bó bá ti yé mi, a ó jọ sọ̀rọ̀."

Ẹ ò rí i pé gbogbo ohun tí bàbá yìí béèrè kò ju kí ó yé òun lọ.

Ìtàn ti wà nílẹ̀ o. Ó mọ níwọ̀n, ó sì yéni: ọmọkùnrin kan rí ọmọbìnrin kan, ó fẹ́ ẹ. Mo wò ó, ó dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ni mo bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ gbankọgbì sí i. Yàrá di ìyẹ̀wù. Ọmọbìnrin náà kò rẹwà lásán mọ́, ó di egbin. N kò mọ ohun tí egbin jẹ́, ṣùgbọ́n ó kún ẹnu. Kí Sìdíkátù sì lè mọ̀ pé òun ni mo ń rò, mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ìyàwó inú ìtàn.

Ó wá ku ibi tí ìyá ìyàwó ti ń dágbére fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ ilé ọkọ. Mo rántí pé nígbà tí mo kéré, wọ́n mú mi lọ sí Ọ̀yọ́, mo sì bá àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń fi ohùn dídùn dágbére fún bàbá bàbá mi. Wọ́n ní Bàbá Àgbà ń rìnrìn àjò ni. Ọ̀rọ̀ ìdágbére tó dùn tó báyìí, inú ìtàn mi ló yẹ kó wà. Mo gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà létí mi, mo sì yin ara mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ pé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Gawon Nama lọ sí ilé Àlàájì ní Kofar Kware, atẹ́gùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba agbádá tí mo yá lọ́rùn mi. Àlàájì jókòó, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, Sìdíkátù dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ojú ìwé kìíní kò tíì tán tí Àlàájì fi nawọ́ sókè.

"Dúró ná, ọmọ mi. Kí ni egbin?"

"Ẹyẹ ni, Bàbá. Ẹyẹ tó lẹ́wà gan-an."

"Ẹran ìgbẹ́ ni. Mo ti jẹ ẹ́ rí."

Sìdíkátù yára wọ kíṣìnì lọ, mo sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láàárín ìkòkò. Ẹni tó gbọ́n ì bá ti ká ìwé rẹ̀. Èmi gbóhùn sókè ni. Mo dé ibi ìdágbére, mo sì fa ohùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà ti fà á:

"Sìdíkátù ọmọ mi, ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Bó o bá débẹ̀, má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀ ni kó o bá wọn jẹ."

Ní tèmi, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ ilé ọkọ ni. Mo tilẹ̀ rò pé ó bọ́gbọ́n mu, nítorí kò sí ìyá ọkọ tí inú rẹ̀ á dùn sí ìyàwó tó ń jẹ ekòló.

Ìyá Sìdíkátù dìde, ó káwọ́ lérí, omijé ti ń dà lójú rẹ̀. "Ọmọ tèmi lò ń dárò báyìí? Sìdí, jáde wá kí n rí ẹ." Sìdíkátù sáré jáde, ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ lórí àti lápá bóyá ó pé.

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dágbére fún òkú lo kà lé ọmọ mi lórí yẹn," Àlàájì wí. "Ta ló kọ́ ẹ?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ gbankọgbì tí mo kó jọ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Hausa ló bọ́ lẹ́nu mi: "Wallahi, Baba, ban sani ba." N kò mọ̀, lóòótọ́ n kò mọ̀. Pẹ̀lú irùngbọ̀n lágbọ̀n mi, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí Bàbá Àgbà rìnrìn àjò lọ. Ojú tì mí, àánú ìyá náà ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti pàdánù ọmọ rẹ̀.

"Ká ìwé yẹn," Àlàájì ní. "Kí gan-an lo wá sọ nílé mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ràn Sìdíkátù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."

Àlàájì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Èyí yé mi," ó ní. "Ìwọ ńkọ́?"

Ìyá fa ọmọ rẹ̀ wọlé lọ. Ó pẹ́ kí ó tó máa dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Nígbà tó sì di ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ní kí n lọ dúró síta títí òun fi máa dágbére fún ọmọ òun tán, kí n má baà ran òun lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí n kò bá mọ ilé rẹ̀, n kì í pè é wá sínú ìtàn mi. Kí n má purọ́, ó ṣì máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n pè é. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ń ka ohun tí mo bá kọ. Bó bá ti kan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ ńlá mi, kì í bá mi jà. Á kàn gbójú sókè, á béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló kú?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín ẹlẹ́bi, n ó sì pa á rẹ́.